Eré wo ni kí n wò? Ìbéèrè àwọn oníbàárà mi ní Èbúté Mẹ́ta, àti ìdáhùn mi

Ta ni yín, tí ẹ fi ń yan eré fún èèyàn?

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Èbúté Mẹ́ta, kò jìnnà sí ọjà Oyíngbò, tẹlifíṣọ̀n kan sì wà lókè tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà, tẹlifíṣọ̀n yẹn kì í dákẹ́. Ẹni tó bá wá wọn aṣọ á jókòó, á ní òun fẹ́ wo díẹ̀, á gbàgbé pé òun ní ọbẹ̀ lórí iná. Tó bá délé tán, á pè mí: "Àǹtí, kí lorúkọ eré tá a wò yẹn?" Ìbéèrè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju "ṣé aṣọ mi ti ṣe tán?" lọ. Ìyẹn ni mo fi jókòó kọ èyí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Mi ò kàwé nípa eré, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi lówó kí n polówó tirẹ̀.

Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé eré kan dáa?

Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, tí máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń dún, eré yẹn ò tíì rí wọn mú. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, màá gbójú sókè. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé eré dé. Inú lè bí mi nítorí iṣẹ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n èmi náà á ti gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín eré, ẹ tẹ́tí sí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ òṣé kan ṣoṣo, tí kálukú sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ bí alákàrà tó wà ní òdìkejì títì bá kígbe, tí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà kígbe, tí ẹnì kan sì ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kí n tó bèèrè bóyá epo wà nínú rẹ̀, ẹ lọ wá eré yẹn wò. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi wọn gbogbo eré tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀ yìí, àfi ẹyọ kan.

Tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Seven Doors. Òun ló ba apá bùbá kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọṣẹ́ mi àgbà ń rán aṣọ ẹbí, lẹ́ẹ̀sì tí olówó rẹ̀ kò ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé apá ọ̀tún sí òsì, ó sì rán inú rẹ̀ síta. Mo ní kí ló ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ọba ló fà á."

Ọba tó ń wí ni èyí tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe. Apá mẹ́fà péré ni eré náà, ó jáde lórí Netflix ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọba tuntun ni, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dé góńgó, ègún àtẹ̀yìnwá sì ń fẹ́ kó kó àwọn obìnrin mìíràn wọlé. Chioma Akpotha ló ṣe ìyàwó, ọmọ Ìgbò tó di olorì láàárín àwọn Yorùbá, ẹ ó sì gbọ́ èdè méjèèjì nínú eré náà. Ohun tó mú mi ni ojú obìnrin yẹn nígbà tí wọ́n ń mú orogún wọlé tọ̀ ọ́. Kò pariwo. Àwọn obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, àwọn tó mọ bí ilé olórogún ṣe rí, àwọn ló pariwo fún un.

Fẹ́mi yìí, ẹ má gbàgbé pé ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì ni, Ọ̀gá Bello. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni.

Aníkúlápó ńkọ́? Ṣé dandan ni kí n wo fíìmù rẹ̀ kí n tó wo èyí tó tẹ̀ lé e?

Dandan ni. Ọdún 2022 ni fíìmù náà jáde. Kúnlé Afọláyan ló ṣe é, ọmọ Adé Love. Sàró jẹ́ ahunṣọ tó wá wá oúnjẹ òòjọ́ wá sí ìlú Ọ̀yọ́. Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, òun náà sì nawọ́ sí olorì ọba. Wọ́n pa á. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, ohun tí ẹyẹ fi ń jí òkú bọ́ sí i lọ́wọ́, ó di ẹni tí ọba ń bẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé e, Rise of the Spectre, jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, níbi tí àwọn òkú tí Sàró ti jí ti di gbèsè sí i lọ́rùn. Ẹni tí kò bá wo ti àkọ́kọ́ á kàn máa fi ìgbúnwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í ni: "Ta nìyẹn? Kí ló ṣe?" Mo ní oníbàárà kan bẹ́ẹ̀. A ti bá a sọ ọ́ títí.

Èmi o, aṣọ ni mò ń wò nínú eré ayé àtijọ́. Mo ti rí olorì kan, nínú eré tí mi ò ní dárúkọ, tí síìpù yọ gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, nígbà tí òyìnbó ò tíì dé etí òkun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń wo ẹ̀yìn aṣọ kí n tó wo ojú òṣèré. Ní ti Aníkúlápó, wọ́n ró aṣọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ró o, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n pa láró lóòótọ́. Ní abúlé tí Afọláyan kọ́ fún eré ṣíṣe ní Ìgbójàyè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti ya á, ìyẹn ni ẹ ò fi ní rí òpó iná lẹ́yìn ààfin.

Mo fẹ́ eré tí Èkó wà nínú rẹ̀ dáadáa.

King of Boys ni. Fíìmù ọdún 2018 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó jókòó, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo apá méje tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Kẹ́mi Adétibà ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀. Ẹniọlá Sàlámì ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀, oníṣòwò ńlá lójú ayé, ọ̀gá àwọn ọmọ ìta lábẹ́lẹ̀. Nínú ti 2021, ó ti ìlú òyìnbó dé, ipò gómìnà ló sì ń lé báyìí.

Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe é. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá tèmi dọ́gba mọ̀ ọ́n sí Toyin Tomato, láti inú Super Story ọdún 2001, nígbà tí gbogbo ilé ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀. A fi í ré lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Nínú King of Boys, a ò mọ̀ bóyá ká fi í ré ni, àbí ká dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo mọ irú obìnrin yẹn. Mo ti ránṣọ fún wọn. Wọ́n máa ń wá láti Balógun, awakọ̀ á dúró síta, wọn ò ní bèèrè iye tí ìránṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n bí ọrùn aṣọ bá fẹ̀ jù ní ìka kan, wọ́n á wò ọ́ láìsọ̀rọ̀ títí wàá fi máa bẹ̀bẹ̀. Ìwò yẹn gan-an ni Ṣóbọ̀wálé ń wo àwọn ọkùnrin tó yí tábìlì rẹ̀ ká. Ẹ tún wo Reminisce, akọrin wa, tó ṣe Makanaki. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́, ti ibùdókọ̀ ni.

Kẹ́mi yìí kan náà ló ṣe To Kill a Monkey, apá mẹ́jọ, oṣù Keje ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ yàhúù ni, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi mọ́tò olówó ńlá bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó kàwé, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí kò sì rí owó tọ́jú aya àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ló pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́. Pijin pọ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin alátùn-ún-ṣe-fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé àga rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sí tèmi fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá a káàkiri.

Bó bá jẹ́ òru kan péré lẹ ní, ẹ wo Blood Sisters, ọdún 2022, apá mẹ́rin. Ọkọ ìyàwó kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn eré ìgbà tí a wà ní kékeré ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ṣe é wò, àbí ọkàn wa ló ń tàn wá?

Ọkàn ń tàn wá díẹ̀. Bí ẹ bá wò wọ́n lónìí, àwòrán ń gbọ̀n, ògiri tí wọ́n fi pákó ṣe ń mì bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ pa ojú dé, kí ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹ ò ní tètè rí irú Yorùbá yẹn gbọ́ mọ́.

Àrélù ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Jímọ̀ Àlíù ló ni ín. Èmi ò wò ó ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìbàdàn ni mo ti wò ó, nígbà ọlidé, lórí tẹlifíṣọ̀n onípákó tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Orí ẹní la ń jókòó sí. Bí Fádèyí Olóró bá yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, a óò fa ìró ìyá àgbà bojú, a óò sì máa yọjú wò láti abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Lálẹ́ ọjọ́ Àrélù, ẹnikẹ́ni kì í dá lọ. Mẹ́rin-mẹ́rin la máa ń lọ, ẹni tó gbé àtùpà á wà ní àárín, nítorí ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ló wà nínú ewu. Ìyá àgbà nìkan ni ẹ̀rù kì í bà. Ó ní ọfọ̀ yẹn ò pé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ kó má bàa jẹ́. Bí Fádèyí bá sọ̀rọ̀ dé ibì kan, á fi ọwọ́ gbá itan, á ní, "Ẹ ò rí i? Ó fò ó." Títí dòní, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fò.

Jímọ̀ Àlíù kú ní ọdún 2020. Òrìṣàbùnmi, obìnrin tó bá wọn ṣe Àrélù, tẹ̀ lé e ní oṣù Kíní ọdún 2021, Fádèyí ní 2023. Àwọn àjákù iṣẹ́ wọn wà lórí YouTube, ẹ fi sùúrù wá a.

Kóòtù Aṣípa, ti Oyin Adéjọbí, ni kí ẹ fi ṣìkejì. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí òkú. Ẹnì kan rojọ́, ẹnì kejì rojọ́, ẹ ó sì rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ ti tàn yín jẹ.

Ní ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá ti pe ẹnì kan ní àmẹ́bò rí nítorí pé kì í pa ẹnu mọ́, inú eré yẹn ni orúkọ náà ti jáde, lára obìnrin tí Ìbídùn Allison ṣe. Basi and Company náà wà, ti Ken Saro-Wiwa. Àdúgbò Èkó ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n ti ń ya á. Checkmate ti Amaka Igwe ló wá lé gbogbo wa wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Inú rẹ̀ ni Olóyè Fuji ti jáde, tó fi di ẹni tó ní eré tirẹ̀ tòun ti àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, Fuji House of Commotion.

Ẹ rẹ́rìn-ín fún wa díẹ̀.

Jenifa's Diary. Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo mọ̀. Fíìmù Funkẹ́ Akíndélé ọdún 2008 ló di eré alápá púpọ̀ ní 2015. Ẹ fi àwọn ìpín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Èkó ṣì ń ya Jẹ́nífà lẹ́nu.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń wo ti Kòríà? Ṣé ẹ̀yin náà ń wò ó?

Mo ń wò ó, mo sì ń bá àwọn tó fi í ṣe ẹlẹ́yà jà. Ẹyọ kan tí mo ní òṣùwọ̀n mi ò wọ̀n nìyí, nítorí pé èmi ni mo sọ pé kí máṣíìnì dákẹ́. Jewel in the Palace, ti ọdún 2003, apá 54. Mo fi dandan lé e fún àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Jang-geum, tó wọ ilé ìdáná ọba láti kékeré, tó sì padà di oníṣègùn ọba. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni látòkè délẹ̀, èyí tó dára àti èyí tó burú, òjòwú ẹlẹgbẹ́, ìwé tí wọ́n jí, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀, Lady Han, ní kó lọ bu omi wá kí òun mu. Ọmọ náà bu omi wá. Ọ̀gá ní kì í ṣe èyí. Ó tún lọ, ó tún mú òmíràn dé. Kì í ṣe èyí. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọmọ ń bu omi, ọ̀gá ń kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ló wá bèèrè: ṣé inú ń run yín? Ṣé ọ̀fun ń dùn yín? Ó lọ, ó mú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fi iyọ̀ díẹ̀ sí wá, ó ní kí ọ̀gá rọra mu ún. Ìyẹn ni ọ̀gá ti ń dúró dè.

Lẹ́yìn tí a wo ibẹ̀, ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù, tí kì í sọ̀rọ̀, kò kàn na téèpù mọ́ obìnrin tó wá ní ọjọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ bi í pé, "Mà, ṣé ẹ máa jókòó pẹ́ níbi tí ẹ ń wọ̀ ọ́ lọ?" Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ìsìn òkú ni, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjẹ̀bú. A fi ìka méjì kún ìdí síkẹ́ẹ̀tì náà.

Ti Íńdíà lórí Zee World? Ẹ wò ó bí ẹ bá ń lọ aṣọ tàbí bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ lè jáde fún oṣù kan, tí ẹ bá padà dé, ìyàwó náà ṣì ń sunkún ní àtẹ̀gùn kan náà.

Détà mi kì í tó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣe máa wò ó bó ṣe ń ṣàn bọ̀ lọ́wọ́. Lórí Netflix, ẹ lè wà á sórí fóònù sílẹ̀ kí ẹ tó wò ó, ẹ sì lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù. Lójú fóònù kékeré, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró di òru, nítorí détà òru kì í wọ́n. Èmi àti ìyàwó onílé wa máa ń dá owó jọ ra détà ni. Èmi á wà á, a óò jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland, ẹ fi nǹkan sétí. Kì í ṣe gbogbo wa la ti dé apá tí ẹ wà.

Ẹnì kan ní kí n máa ra èyí tí wọ́n ń dà sínú fíláàṣì fún èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ títì. Mi ò ṣe é. Bí ẹnì kan bá jí àwòrán aṣọ tí mo ronú kàn, tó sì ń tà á níwájú ilé mi, ìjà la máa jà.

Èwo ni mo lè wò pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Nínú èyí tí mo ti dárúkọ, Kóòtù Aṣípa àti Jewel in the Palace. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn kí ẹ tó tan King of Boys. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, èébú náà sì pọ̀, ọmọ kì í sì í gbàgbé èébú.

Ṣé kí n máa ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ eré Yorùbá?

Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, ẹ pa á. Ó máa ń yára sọ ohun tí òṣèré ò tíì sọ, ẹ ó ti rẹ́rìn-ín kó tó dé ibi ẹ̀rín. Tó bá kan oríkì, wọ́n á fi gbólóhùn kan rọ́pò gbólóhùn mẹ́wàá. Àmọ́ tí ọmọ yín tí wọ́n bí sí Peckham ní London bá wá kí yín, ẹ tan án fún un. Kó tó lọ, á ti mọ ohun tí "orí mi ò" túmọ̀ sí.

Èwo ni kí n má fi àkókò mi ṣòfò lé lórí?

Mi ò ní dárúkọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, mo mọ bó ṣe ń dunni. Ẹ kàn máa wo ẹ̀yìn aṣọ olorì.

Ṣé mo lè wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù yín?

Ẹ máa bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló dáa jù, nígbà tí àwọn tó ń lọ òde ti gba aṣọ wọn lọ. Àga mẹ́rin ló wà, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti ṣẹ́, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ni ín. Ẹ má mú àkàrà wọlé. Kì í ṣe pé mo kórìíra alákàrà wa, lẹ́ẹ̀sì funfun ni ò fẹ́ràn epo. Apá kọkànlá Jewel in the Palace la wà báyìí, nítorí pé iná ò wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi bó ṣe parí.